Bí Mo Ṣe Lọ sí Mẹ́kà tí N Kò Dé Mẹ́kà

Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò lè rìn láti ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà dé Ọjà'ba kí ẹnì kan má kí mi pé, "Àlàájì, ẹ kú àbọ̀ o, Ọlọ́run á gbà á ní ìbáádà." Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ mú ọwọ́ mi, ó fi pa ojú ara rẹ̀, ó ní ọwọ́ tó kan Káábà nìyẹn. Ọwọ́ náà kò kan Káábà. Irin fèrèsé ni ó ń kàn fún oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n dìde ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò kí n sọ bí ilé Ọlọ́run ṣe rí. Mo dìde. Mo ní ó tóbi. Gbogbo wọn ní, "Àláhù Àkúbárù." Mo ní ó tóbi gan-an ni. Mo jókòó. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹ mọ̀ mí. Múfútáù kàfíńtà ni mí, Mufú tó ń gun òrùlé fún yín. Bí páànù yín bá ń jò láàárín Mápó sí Àrẹ̀mọ, ó ṣeé ṣe kí n ti tẹ̀ ẹ́ rí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo jẹ́ kó máa jò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìrìn náà ṣe rí.

Agbára

Ẹ̀yìn ríro ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ogún ọdún tẹ̀ lórí páànù gbígbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nà mí ní hóró pupa kan lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé agbára yìí mì." Mo gbé e mì. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn fi dákẹ́, ẹ̀rù pé mo lè já bọ́ náà sì dákẹ́. Mo ń sáré lórí òrùlé bí alángbá. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo parí lọ́jọ́ kan, mo sì rò pé kò sí kàfíńtà bíi tèmi ní gbogbo Ìbàdàn, títí tí onílé fi dúró nílẹ̀ tó wòkè, tó ní kí n wá tú gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó wọ́.

Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ẹ̀yìn ti gbàgbé ìrora, èmi kò gbàgbé agbára. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí n kò tíì gbé e mì, imú mi á máa ṣomi, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òòlù á sì máa bà mí lọ́mọ ìka dípò ìṣó.

Ọdún tó ṣáájú ìrìn-àjò wa ni gìrì mú mi lórí òrùlé kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Gìrì! Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Igi àjà ló gbé mi dúró, ǹ bá ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, ìyá onílé ti da àdí sí mi lórí, ó ń fi ṣíbí ya eyín mi bí ẹni ń tọ́jú ọmọ oṣù mẹ́fà. Àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè gbà mí lọ́wọ́ ọ̀tá. Mo mọ ọ̀tá náà dáadáa, nítorí pé mẹ́fà nínú rẹ̀ ni mo gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jẹ́ kí ìyá mi gba ààwẹ̀ náà pé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé òun ló kó bá mi níkẹyìn. Nílé tiwa, ohun tí bàbá bàbá mi rì mọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó gba Ìsìláàmù ni à ń pè ní oògùn. Oògùn ni ìfúnpá, oògùn ni ońdè. Ìyá mi kórìíra orúkọ náà débi pé hóró ló ń pe èyí tí dókítà fún un fún orúnkún rẹ̀. Tèmi sì ń jẹ́ agbára. Mo lè kó agbára kún àpò méjèèjì kí n sì búra pé n kò ní oògùn, n kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Gààrí ìyá mi

Àbúrò mi obìnrin tó wà lókè òkun ló ní kí n sin ìyá wa lọ ṣe Úmúrà, Hájì kékeré, ní Mẹ́kà. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè dá lọ. Inú mi dùn. Gbogbo àdúgbò sọ pé Ọlọ́run ló pè mí. Bó bá jẹ́ Òun ló pè mí lóòótọ́, n kò gbọ́ ìpè náà dé ìdí.

Ìyá di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀: gààrí sínú ike ńlá, ẹja gbígbẹ, ata gígún. Ó ti gbọ́ pé oúnjẹ ibẹ̀ kò ní ata. Ó wé ike gààrí náà, ó sì tẹjú mọ́ mi.

"Àkànní, ẹni tó bá fọwọ́ kan gààrí mi ká tó dé Mẹ́kà, kò ní dé Mẹ́kà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ ń ṣépè lórí gààrí?"

Láti ọjọ́ gìrì ni ìyá mi ti ń tú àpò mi. Ó ní bóyá ẹnì kan ń ju nǹkan sí i. Ó tú àpò ṣòkòtò, ó tú báàgì, ó ń tú bàtà pàápàá. Ibi kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ kò lè dé ni gààrí tí òun fúnra rẹ̀ ti wé, nítorí ta ni yóò fọwọ́ kan án? Nígbà tó lọ kírun, mo tú ike náà, mo ri káàdì agbára mẹ́ta mọ́ àárín gààrí, mo sì wé e padà dáadáa. Mo tún kan sáárá sí ara mi. Ìyá mi ni mo ń sá fún, ọwọ́ ìjọba ìlú mìíràn ni mo sáré bọ́ sí.

Jẹ́dà

Ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, níbi tí a ti balẹ̀ kí a tó wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ìtìjú bàtà mi fi ń ṣe mí. Òtútù inú ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń sun ayé níta. Ìyá mi ń kí gbogbo ènìyàn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró o." Ó kí ọlọ́pàá, ó kí ẹni tó ń nulẹ̀, ó kí àwòrán ọba lára ògiri. Ọlọ́pàá kan tí kò gbọ́ ohun tó ń sọ gbé ọwọ́ sí àyà, ó tẹrí fún un, ó sì lọ bá a mú àga onítáyà wá. N kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó rí lọ́wọ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Mo rò nínú ara mi pé ìlú dáadáa la wọ̀ yìí.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, ike gààrí rú wọn lójú. Ọ̀gá kan ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí imú. Inú ìyá mi dùn, ó ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi. Wọ́n pe ògbufọ̀ kan wá, bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń jẹ́ Yáhàyá, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ti ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí.

"Wọ́n ní ṣé oògùn wà nínú ẹrù yín?"

Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga. "Oògùn? Àwa kọ́! Àwúsúbílàhí!"

Èmi sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Wálàhí tálàhí, bàbá, kò sí oògùn lára wa, kò sí nínú ẹrù wa. Inú ilé wa pàápàá, a ti hú u dànù."

Bàbá Yáhàyá túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ọwọ́ bọ gààrí títí dé ìgúnpá, ó sì fa káàdì mẹ́ta jáde pẹ̀lú hóró pupa rẹ̀, gààrí ń dà lára rẹ̀. Oògùn wà lọ́wọ́ ọ̀gá, òógùn bo ojú mi nínú òtútù.

"Ta ló ni ẹrù yìí?"

"Èmi ni," ni ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà ló wo hóró pupa náà, ó sì wá wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Mo rí i nígbà tó yé e. Gìrì yé e, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yé e, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yíjú sí Bàbá Yáhàyá. "Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ín. Hóró orúnkún mi ni."

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo dákẹ́.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ìyàlẹ́nu ni. Irọ́ ni. Mo ń ronú. Mo rò ó pé arúgbó ni, wọn yóò ṣàánú rẹ̀. Mo rò ó pé wọn kò lè ti arúgbó mọ́lé. Mo dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀. Mo dákẹ́ nígbà tí wọ́n yí àga rẹ̀ padà, nígbà tí táyà ń dún lọ lórí ilẹ̀ dídán náà sí ẹnu ọ̀nà kan. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé àlejò:

"Ṣé omi wà níbẹ̀ tí mo lè fi ṣe àlùwàlá?"

Mo pariwo. N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, mo ń sọ pé, "Ẹ dá a padà! Tèmi ni! Èmi ni mo fi síbẹ̀!"

Bàbá Yáhàyá padà wá, ojú rẹ̀ le. "Ẹ̀yin lẹ fi Ọlọ́run búra báyìí pé kò sí oògùn."

"Kì í ṣe oògùn, bàbá. Agbára ni."

"Agbára wo?"

Kí wọ́n tó mú mi lọ, ìyá mi tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí léjìká nítorí òtútù. Ó sàn kó bú mi.

Ilé tí kò lo páànù

Àtìmọ́lé náà mọ́ ju yàrá mi lọ. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, kò jò, kò sí ibi tí kàfíńtà lè fojú sí. Wọ́n ń fún wa ní ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ láàárọ̀, ìrẹsì tí wọ́n da èso àjàrà gbígbẹ sí lọ́sàn-án, àti tíì tó dùn bí oyin. Ìyá mi sọ òótọ́, kò sí ata. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jẹ́ awakọ̀ ará Pakísítánì, Ráṣídì. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó ń tọ́ka sí mi pé kí n jẹun, èmi ń tọ́ka sí i pé kò wọlé.

Ní ọjọ́ kejì ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tirẹ̀. Imú ń ṣomi, ojú ń ṣomi, inú ń rọ́, n kò kúrò nílé ìgbẹ́. Egungun ń dùn mí níbi tí n kò mọ̀ pé egungun wà. Oorun kò wá. Mo sunkún bí ọmọdé, kì í sì í ṣe nítorí ìyá mi tó dá wà nílùú onílùú ni mo ṣe ń sunkún. Hóró pupa ni mo ń sunkún fún. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, òun ló tì mí lójú jù. Ráṣídì ló ń nu ojú mi, ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ní ọjọ́ kẹta, gìrì tún mú mi. Nígbà tí mo jí, mo wà lọ́dọ̀ dókítà, Bàbá Yáhàyá sì jókòó tì mí.

"Dókítà ní ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń lo oògùn?"

"Mi ò lo oògùn rí, bàbá. Mùsùlùmí òdodo ni mí."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "A tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn yìí! Agbára. Ó tó ìgbà wo tí ẹ ti ń gbé agbára mì?"

"Ọdún mẹ́fà."

Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní àwọn dókítà ló ń fún ẹni tó ní ìrora ńlá ní hóró yìí, níwọ̀n, wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹni náà. Ní bí èmi ṣe ń lò ó, òun gan-an ló ń fa gìrì. Ó ní ó tún lè mú kí èémí ènìyàn máa dín kù, máa dín kù, títí tí kò fi ní í mí mọ́, pàápàá bí ó bá fi ọtí tàbí hóró oorun lé e. Ìrora tó ń jẹ mí yìí, ó ní ara mi ló ti di ẹrú tó ń pe olówó rẹ̀. Ó sì ní ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Mo ní kí Bàbá Yáhàyá bá mi bi í bóyá ó lè jẹ́ pé ọ̀tá ló ju gìrì ti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ sí mi. Ó kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀.

Òun náà ló sọ fún mi pé ìyá mi wà láàárín àwọn obìnrin kan tí a jọ wọ ọkọ̀ òfurufú wá, pé ó ti ṣe Úmúrà rẹ̀ parí lórí àga onítáyà. Ó ní gbogbo ènìyàn ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà níbẹ̀, ìyá mi ń tọrọ pé kí òtútù má mú mi.

Kí n tó dé iwájú adájọ́, bàbá náà bá mi sọ òótọ́. "Gààrí yẹn ló burú. Ta ló ń fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ tà á? Bí wọ́n bá gbà pé títà ni, orí lè bá a lọ níbí."

Nígbà tí adájọ́ béèrè ìdí tí mo fi fi pamọ́, mo ní kí ìyá mi má bàa rí i ni.

Bàbá Yáhàyá túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Adájọ́ béèrè ọjọ́ orí mi, mo ní méjìdínláàádọ́ta. Mo gbà pé èyí ló kó mi yọ, nítorí kò sí oníṣòwò oògùn olóró tí yóò gbé irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀ ka ara rẹ̀ lórí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ ni wọ́n dá fún mi, lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lé mi kúrò nílùú. Wọ́n tẹ gbogbo ìka mi sórí ẹ̀rọ, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ wọn mọ́.

N kò tètè lóye èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó di ọjọ́ díẹ̀, tí mo kọjú sí ìhà tí Káábà wà láti kírun, kí ó tó yé mi pé ibi tí mo kọjú sí, n kò lè dé ibẹ̀ mọ́ láyé. Kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ kan péré ló kù.

Ilé

Nígbà tí mo dé, àwọn agbófinró tiwa náà mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní bí mo bá rò pé òkè òkun nìkan ni òfin wà, kí n tún ọkàn mi dá, nítorí pé nílé níbí, ẹni tí wọ́n bá ká hóró yìí mọ́ lọ́wọ́ láìsí ìwé dókítà lè fi ẹ̀wọ̀n ṣe ilé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé e sápò lábẹ́ Mápó, n kò mọ̀.

Mo rò pé òkò ni àdúgbò yóò fi pàdé mi. Ẹ̀rín ni. "Àlàájì! Àlùfáà!" Mo wo ìyá mi. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé mo dúró sẹ́yìn láti ké kéwú.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun àlààsárì lánàá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú nítorí orúnkún. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí ti Jẹ́dà. Mo dákẹ́."

"Mo gbọ́ ọ bí o ṣe dákẹ́," ni ó wí. Ó fa hóró tẹ̀sùbáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. "Irọ́ méjì ni mo pa nítorí rẹ, Àkànní. Ti Jẹ́dà, o gbà á lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o pẹ́. Èkejì ṣì wà lẹ́nu mi níbí. Mo ti darúgbó. Mi ò fẹ́ gbé e dé iwájú Ọlọ́run."

"Kí ni kí n ṣe sí i, Ìyá?"

"Ṣé o kò mọ̀wé kọ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀yin ará Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀yin ará Ọjà'ba, n kò ké kéwú kankan, ẹ̀wọ̀n ni mo ṣe. N kò rí Káábà, n kò sì ní rí i. Hóró pupa tí ẹlòmíràn nínú yín gbé sápò bó ṣe ń ka èyí ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ló dé Mẹ́kà, òun ni kí ẹ máa kí. Mufú kàfíńtà ni kí ẹ máa pè mí.

Ìyá, mo ti gbà á lẹ́nu yín. Mo tún pẹ́ díẹ̀.